Ojú Adátàn àti Ojú Àtẹ̀yìntàn: Èwo Ni Ó Yẹ Tábìlì Oníwèé?

Ẹni tí ó bá ti ìhà Apapa ń bọ̀, tí ó dojú kọ Ajégúnlẹ̀, yóò dé ibi kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Boundary. Ààlà ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ààlà ni ibẹ̀ sì jẹ́ ní tòótọ́. Ní ọwọ́ kan ni Apapa wà pẹ̀lú èbúté rẹ̀, àwọn ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ àti àwọn òpópónà gbọọrọ rẹ̀; ní ọwọ́ kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí èdè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ojúlé lọ. Àwọn tí ó sọ ibẹ̀ ní orúkọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ajé ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté.

Ọjà oníná tí ń gba ààlà yìí kọjá kò kéré. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi bá já sí èbúté Apapa, tàbí sí ti Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977, kì í pẹ́ kí ó tó dé orí àtẹ ní Èkó. Ìwádìí kan tí Yunifásítì ti Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹrù oníná tí wọ́n ti lò rí, tí ó ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan, tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ sì wà lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan ti ń jẹ yọ lẹ́nu àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, àwọn bí atẹ̀wé, ayàwòrán, ògbufọ̀, olùkọ́ tí ń pèsè ìwé iṣẹ́, àti ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn gémù. Ṣé kí ènìyàn ra ojú kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tí wọ́n ṣe fún àwọn eléré gémù ni, àbí kí ó ra amóhùnmáwòrán OLED ńlá, kí ó gbé e ka orí tábìlì, kí ó sì máa fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó lásán, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Báńkì Àgbà Nàìjíríà tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan. Kí 2024 tó parí, ó ti ju 1,400 lọ. Ẹni tí ó bá ṣi ojú kọ̀ǹpútà rà lóde òní ti fi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ṣòfò. Ohun tí ó sì sábà máa ń fa àṣìṣe náà kì í ṣe ẹ̀tàn ọlọ́jà nìkan. Àìsí ọ̀rọ̀ tí olùrà lè fi béèrè ohun tí ó ń fẹ́ gan-an wà lára rẹ̀. Níbi yìí ni ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti ọjà, tí ó di ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí.

1. Orúkọ tí kò bá ohun tí ń jẹ́ ẹ kú

Nígbà tí amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní plásímà wà lára wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di orúkọ gbogbo amóhùnmáwòrán tí kò ní ikùn lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Omo ti di orúkọ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun gbogbo, tí Maggi sì di orúkọ èròjà amọ́bẹ̀dùn gbogbo. Ní nǹkan bí 2014 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe plásímà ti fi í sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yé pe amóhùnmáwòrán tuntun ní plásímà. Ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà ti kú. Orúkọ kò bá a kú.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára páálí amóhùnmáwòrán púpọ̀ ni wọ́n kọ LED sí. Ọlọ́jà tí ó bá ka lẹ́tà mẹ́ta náà sétí oníbàárà kò purọ́, nítorí iná LED wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni iná náà wà, kì í ṣe òun ni ó ń ya àwòrán. OLED ní lẹ́tà kan péré ju LED lọ, lẹ́tà kan náà sì lè sọ owó di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní 2017 ni ilé-iṣẹ́ Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú tirẹ̀ kan ní QLED, èyí tí iná rẹ̀ ṣì ń ti ẹ̀yìn wá. Ìrù kékeré kan ni ó ya Q sọ́tọ̀ kúrò lára O lójú ìwé. Iṣẹ́ tí ohun méjèèjì ń ṣe nínú àpótí sì jìnnà síra bí ìlà-oòrùn ti jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn. Olùrà tí kò ní ju àwọn lẹ́tà wọ̀nyí lọ lọ́wọ́ ń fi orúkọ tí oníṣòwò fún ọjà rẹ̀ rajà ni, kò fi iṣẹ́ tí ọjà náà ń ṣe rà á.

2. Bí ojú méjèèjì ṣe ń tàn

Ní 1888 ni Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko ní Austria, ṣàkíyèsí pé ohun kan tí ó rí láti ara kárọ́ọ̀tì ń yọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì: ó kọ́kọ́ di olómi tí ó ṣú, lẹ́yìn náà ni ó di olómi tí ó mọ́ gaara. Ohun tí ó wà láàárín líle àti olómi yìí ni kírísítà olómi, òun ni wọ́n sì ń lò nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú kọ̀ǹpútà títí di òní. Fèrèsé tí ó ní gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní lúfà, ni a lè fi wé e. Àtùpà ńlá kan ń jó lẹ́yìn fèrèsé náà láìdáwọ́ dúró. Bí lúfà bá ṣí, ìmọ́lẹ̀ á kọjá. Bí ó bá pa dé, ìmọ́lẹ̀ á dínkù. Ṣùgbọ́n kò sí lúfà tí ó lè pa dé tán pátápátá. Ìdí nìyí tí òru inú fíìmù fi máa ń rí bí ọ̀yẹ̀ lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

OLED kò ní àtùpà lẹ́yìn. Ní 1987 ni Ching Tang àti Steven Van Slyke, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 2007 ni Sony gbé amóhùnmáwòrán tí ó ń ṣiṣẹ́ báyìí jáde, tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 11 lọ. Ní 2013 ni LG gbé oníǹṣì 55 jáde. Nínú irú ojú yìí, hóró àwòrán kọ̀ọ̀kan ni fìtílà ara rẹ̀. Amóhùnmáwòrán tí wọ́n ń pè ní 4K ní irú hóró bẹ́ẹ̀ 8,294,400. Èyí tí wọ́n bá pa á kú pátápátá, òkùnkùn ibẹ̀ á sì jẹ́ òkùnkùn tòótọ́.

Ewu kan wà nínú ìtumọ̀ níbi yìí. Lẹ́tà O tí ó ṣáájú orúkọ náà dúró fún ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń lò fún àwọn àdàpọ̀ tí káábọ̀nù jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Bí ògbufọ̀ bá sáré tú u sí “ẹlẹ́mìí”, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti oúnjẹ oko, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé tanná-tanná ni wọ́n kó sínú àpótí náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe fìtílà rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni. Nítorí náà ni “ojú adátàn” fi yẹ fún èyí tí hóró rẹ̀ ń dá tàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ẹni tí ó dá wà ní adáwà. “Ojú àtẹ̀yìntàn” ni ó sì yẹ fún èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn wá. Ọ̀nà kan náà ni èdè Yorùbá gbà ní àtọ̀runwá àti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì ti gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.

3. Òṣùwọ̀n owó

Àwọn tí ń gbèjà amóhùnmáwòrán ní ẹjọ́ rere láti rò. Ní 2018, ASUS gbé ojú kọ̀ǹpútà oníǹṣì 27 kan jáde fún àwọn eléré gémù, àtẹ̀yìntàn tí wọ́n pín iná ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀nà 384, ní 1,999 dọ́là. Kí ọdún náà tó parí, amóhùnmáwòrán adátàn oníǹṣì 55 wà lọ́jà Amẹ́ríkà ní owó tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ní 2019, HP gbé oníǹṣì 65 tirẹ̀ jáde ní 4,999 dọ́là, àtẹ̀yìntàn sì ni òun náà. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n ń san owó náà lé lórí.

Nígbà tí LG ṣe adátàn oníǹṣì 48 ní 2020 àti oníǹṣì 42 ní 2022, amóhùnmáwòrán wá kéré tó ohun tí ó lè gba orí tábìlì. 1,399 dọ́là ni oníǹṣì 42 náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ tún ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ adátàn fúnra rẹ̀: oníǹṣì 27 ti LG jáde ní nǹkan bí 999 dọ́là, oníǹṣì 32 ti ASUS sì jáde ní 2024 ní 1,299. Bí ó bá jẹ́ fífẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń rà, amóhùnmáwòrán ni ó ń borí.

Kókó kan gbọdọ̀ hàn kedere níbi yìí. Ìyàtọ̀ méjì ni ó wà, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan ni ọ̀nà tí ojú gbà ń tàn, adátàn tàbí àtẹ̀yìntàn. Èkejì ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún, amóhùnmáwòrán tàbí ojú kọ̀ǹpútà. Láti 1959 tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni Yorùbá ti ní ohun tí wọ́n ń fún ní orúkọ yìí: ẹ̀rọ tí ó ń mú ohùn, tí ó sì ń mú àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà kò mú ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá fún un ni ó ń gbé síta. Ẹni tí ó bá da ìyàtọ̀ méjèèjì pọ̀ yóò rò pé gbogbo amóhùnmáwòrán ni adátàn, tàbí pé gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni àtẹ̀yìntàn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì.

4. Òṣùwọ̀n àmì orí àti àmì abẹ́

Owó nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí tábìlì kò jìnnà sí ojú kọ̀ǹpútà ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí 80 lọ. Amóhùnmáwòrán oníǹṣì 48 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 106; ẹni tí ó bá lò ó níbẹ̀ yóò máa yí ọrùn bí ẹni tí ń wo eré bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Nínú ilé Ajégúnlẹ̀ tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tábìlì tí yóò gbà á gan-an ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan òǹkọ̀wé Yorùbá jù ni bí hóró àwòrán ṣe ki tó. Iye hóró kan náà ni 4K ní, ìbáà jẹ́ lójú kékeré tàbí lójú ńlá. Bí ojú bá ti ń fẹ̀ ni hóró ń tú ká. Nínú íǹṣì kan, oníǹṣì 55 ní hóró 80, oníǹṣì 48 ní 92, oníǹṣì 42 ní 105, oníǹṣì 32 ní 138, oníǹṣì 27 sì ní 163. Òǹkọ̀wé èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fara da 92. Lẹ́tà rẹ̀ kò ní ẹrù lórí, kò sì ní ẹrù lábẹ́. Lẹ́tà Yorùbá ń ru àmì ohùn lórí, ó sì ń tẹ àmì mìíràn mọ́lẹ̀. Bí lẹ́tà bá wà ní ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń tẹ ìwé, àmì abẹ́ ẹ lójú oníǹṣì 48 kò ju hóró kan tàbí méjì lọ. Tí hóró kan bá ṣú, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á máa jọ ara wọn lójú olùṣàtúnṣe tí iṣẹ́ ti sú. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ọdẹ sì nìyẹn.

Adátàn tún ní ìṣòro kan tí ó fi kún un. Hóró kọ̀ọ̀kan lójú àtẹ̀yìntàn ní ẹ̀ka mẹ́ta tí ó tò léra: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Ìtò yìí ni àwọn tí ó kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti mú etí lẹ́tà jọ̀lọ̀. Àwọn amóhùnmáwòrán adátàn ti LG ní ẹ̀ka kẹrin tí ó funfun. Irú ti Samsung tí ó dé ọjà ní 2022 to ẹ̀ka mẹ́ta rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Nítorí pé ìtò náà yàtọ̀ sí ohun tí ètò kọ̀ǹpútà ń retí, àwọ̀ díẹ̀ máa ń yọ létí lẹ́tà. Lójú fíìmù àti gémù, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Lójú ìwé tí àmì kún orí àti abẹ́ rẹ̀, ojú ẹni tí ń kà á ni yóò san gbèsè rẹ̀.

5. Òṣùwọ̀n àpá, òṣùwọ̀n iná

Fìtílà tí ń jó jù ni òwú rẹ̀ ń tètè jó tán. Bákan náà ni hóró adátàn tí ń tàn láìsinmi ṣe ń gbó ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò kúrò lójú kan, bí ọ̀pá àṣẹ tí ó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tàbí àmì ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní igun òkè, á fi àpá sílẹ̀ nígbà tí ó bá pẹ́. Ó yẹ kí èdè-ìperí ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbi yìí. “Òjìji àwòrán” ni èyí tí ó ń parẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. “Àpá àwòrán” ni èyí tí kò ní parẹ́ mọ́. Ọlọ́jà tí ó bá pe àpá ní òjìji ti tan oníbàárà rẹ̀, oníbàárà tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lè bá a jiyàn.

Àwọn tí ń ṣe adátàn mọ àbùkù yìí, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Lẹ́yìn tí amóhùnmáwòrán bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, tí wọ́n wá fi rìmóòtù pa á, ó máa ń fi àkókò díẹ̀ wọn àwọn hóró rẹ̀, ó sì ń mú wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n iná gbọdọ̀ wà lára rẹ̀ ní àkókò náà. Ní ibi tí iná ti ń lọ lójijì, tàbí tí àwọn ará ilé ti máa ń pa ẹ̀rọ láti ara ògiri nígbà tí wọ́n bá ń lọ sùn, ìtọ́jú yìí kì í ráyè ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò ju ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìwé lọ ní London tàbí Tokyo ni èyí. Ní Ajégúnlẹ̀, òun ni ó lè pinnu ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà.

Ọ̀rọ̀ iná kò tán síbẹ̀. Àtẹ̀yìntàn oníǹṣì 27 kì í sábà jẹ ju wáàtì 30 sí 50 lọ. Adátàn oníǹṣì 48 lè jẹ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá funfun, funfun sì ni ojú ìwé tí òǹkọ̀wé ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí àwòrán bá dúdú, adátàn kì í jẹun púpọ̀; bí ó bá funfun káàkiri, yóò jẹun, yóò sì tún dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí ó má baà gbóná jù. Ṣáájú oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹtiróòlù kan kò tó 200 náírà ní Èkó. Kí 2024 tó parí, ó ti ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́ kò lè fojú kékeré wo wáàtì.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ àti àtúnṣe. Bí iná ẹ̀yìn àtẹ̀yìntàn bá kú, àwọn atúntíífíṣe àdúgbò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí hóró adátàn bá gbó, kò sí ohun tí wọ́n lè pààrọ̀ àfi ojú náà látòkè délẹ̀, owó rẹ̀ sì sún mọ́ ti ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tí yóò ra adátàn tòkunbọ̀ gbọdọ̀ ní kí wọ́n fi àwọ̀ eérú kan ṣoṣo kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi pupa kún un. Àpá tí ó fara pamọ́ sábẹ́ fíìmù á jáde síta.

6. Ẹni tí ẹ̀tọ́ tọ́ sí

Kì í ṣe pé adátàn kò dára. Ní ilé gémù, irú èyí tí ó pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ níbi tí Odion Ighalo ti jáde, ọmọkùnrin mẹ́rin a máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, wọn a jìnnà sí ojú ẹ̀rọ ní mítà méjì, wọn a sì máa gbá bọ́ọ̀lù inú gémù. Amóhùnmáwòrán ni ó yẹ wọ́n. Bí owó olówó ilé bá tó adátàn, wọn yóò rí bọ́ọ̀lù tí kì í fa ìrù lẹ́yìn bí ó ti ń sáré, nítorí pé hóró adátàn ń pàwọ̀dà ju ti àtẹ̀yìntàn lọ fíìfíì. Ohun tí ó yẹ kí olówó ilé ṣọ́ra fún ni àmì iye góòlù tí kì í kúrò ní igun ojú ẹ̀rọ láti àárọ̀ di òru.

Eléré gémù tí ó ń dá ṣeré ní ìdí tábìlì, tí ó sì fẹ́ kí àwòrán tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú kọ̀ǹpútà eléré ni tirẹ̀. Lójú oní-60 Hertz, àwòrán kan ń dúró fún nǹkan bí ìdá 16.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Lójú oní-240, ó ń dúró fún ìdá 4.2. Eléré tí ó já fáfá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ń tẹ ìwé kò ní ìlò fún un.

Olùkọ́ àti ògbufọ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ méjèèjì nìkan ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kí ó mú ojú kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó tọ́ jù ni pé kí ó má san owó eléré rárá. Àtẹ̀yìntàn 4K oníǹṣì 27, oní-60 Hertz, tí wọn kò fi iná aláràbarà ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ni ó ki jù, òun ni ó jẹ iná kéré, òun ni ó ṣe é tún ṣe, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àwọn yòókù. Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí á wò kí á tó ra ojú kọ̀ǹpútà.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yẹ ní lílò

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni olùkọ́ lè mú lọ sí kíláàsì, tí olùrà sì lè mú lọ sí ọjà:

Hóró àwòrán: ẹyọ tí ó kéré jù nínú àwòrán ojú ẹ̀rọ.
Kíkí hóró: iye hóró tí ó wà nínú íǹṣì kan.
Ojú adátàn: ojú tí hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tàn fúnra rẹ̀.
Ojú àtẹ̀yìntàn: ojú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wá láti ara iná tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.
Iye àtúnyà: iye ìgbà tí ojú ẹ̀rọ ń tún àwòrán yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; Hertz ni ìwọ̀n rẹ̀.
Àkókò ìpàwọ̀dà: àkókò tí hóró fi ń kúrò nínú àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn.
Òjìji àwòrán: àmì tí àwòrán fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.
Àpá àwòrán: àmì tí àwòrán fi sílẹ̀ títí láé.

Wọ́n fi Hertz àti wáàtì sílẹ̀ bí wọ́n ti rí, nítorí orúkọ ènìyàn ni wọ́n, gbogbo ayé ni ó sì ń lò wọ́n fún ìwọ̀n. Kò sí èrè nínú títúmọ̀ ohun tí kò fi ìtumọ̀ kankan pamọ́.

8. Àtakò kan àti èsì rẹ̀

Àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní Ajégúnlẹ̀, ọlọ́jà lè jẹ́ Ìgbò, oníbàárà lè jẹ́ Ìlàjẹ, ẹni tí yóò gbé ẹrù lè jẹ́ Ìjọ̀ tàbí Urhobo. Pijin ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn dọ́ọ̀rẹ́. Kí ni ọ̀rọ̀ bí “adátàn” fẹ́ ṣe níbẹ̀, nígbà tí “OLED” ti yé tọ̀tún-tòsì?

Èsì rẹ̀ ni pé “OLED” kò yé tọ̀tún-tòsì. Ó gbajúmọ̀ ni, bí plásímà ti gbajúmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè, tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé, kì í ṣe ìmọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kí wọ́n lé OLED kúrò lára páálí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ọmọ tí ó bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ rí ìdáhùn gbà ní èdè tí ó fi ń ronú. Ọjà fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé èyí ṣeé ṣe. Tòkunbọ̀ ti jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kí ó tó di orúkọ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí ó ti òkun bọ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé e lórí. Ìgbò, Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ ni wọ́n ń pè é lónìí, nítorí pé ohun tí ó ń sọ hàn lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè-ìperí ni kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ọjà bá ti sọ ohun tuntun ní orúkọ tí kò bá a mu. Kí wọ́n yára sọ ohun ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ẹni tí ń bọ̀ láti Apapa bá dúró ní Boundary, tí ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí ń dá tàn ni àbí ẹ̀yìn ni iná rẹ̀ ti ń wá?”, ọlọ́jà kò ní lè fi lẹ́tà mẹ́ta dá a lóhùn mọ́.